Lẹ́yìn Tí Ọkọ̀ Dojú Dé ní Odò Ọ̀yún

Ọkọ̀ ojú irin ló gbé ọkọ̀ ojú omi wá sílé wa. Bí mo bá sọ èyí fún àwọn ọmọ mi, wọ́n á máa wo ara wọn lójú, wọ́n á ní Mọ́mì tún ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Ní ọdún tí mò ń wí, òjò rọ̀ débi pé àgbàrá wọ́ afárá onígi tí àwọn àgbẹ̀ fi ń kọjá Odò Ọ̀yún lọ, oko wa sì ń bẹ lódì-kejì. Ẹni tó bá fẹ́ gba ọ̀nà yí ká á rìn títí ebi á fi tún pa á kó tó débẹ̀. Bàbá tó bí bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Àgbà, ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè nígbà náà. Ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ ní ibùdókọ̀ Jẹ́bà, níbi tí Odò Ọya ti ń ṣàn lábẹ́ afárá irin, ó sì gbà pé kò sí ìṣòro tí Jẹ́bà ò ní oògùn rẹ̀. Ló bá wọ ọkọ̀ lọ síbẹ̀. Nígbà tó máa padà dé, ọkọ̀ ọ̀pẹ́ẹ́rẹ́ kan ló wà nínú wágọ̀n ẹrù, wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀ láàárín àwọn àpò àlùbọ́sà, Bàbá Àgbà sì jókòó tì í bí ẹni tó ń sin ìyàwó wọlé. Àwọn géńdé gbé e lérí gba àárín ìlú, àwa ọmọ ilé ń sá tẹ̀lé wọn. Ìyá kan tó ń ta ẹ̀pà lẹ́bàá ọ̀nà pariwo pé, "Alhaji, ṣé odò ti dé àárín Ọ̀fà ni?" Bàbá Àgbà ò bínú. Ó ní, "Bí odò ò bá wá bá wa, àwa á lọ bá a."

Ilé wa nígbà náà kì í dákẹ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni ìyá bàbá mi, Ìyá Àgbà, á ti máa da omi sínú kẹ́tù fún àlùwàlá, ìró omi yẹn ló sì máa ń jí mi ju ohùn ládàánì lọ. Lẹ́yìn ìrun, a óò gbọ́ rédíò Bàbá Àgbà tó ń pariwo bí ẹni tí ọ̀fun ń dùn, lẹ́yìn náà a óò gbọ́ ìgbálẹ̀, nítorí èmi ni mo ń gbá ojúde, àbúrò mi Jímọ̀ sì ń kó pàǹtí. Bí oòrùn bá ti yọ, máṣíìnì Búọ̀dá Mùfú á bẹ̀rẹ̀ nínú ìyẹ̀wù tó kọjú sí ìta. Àbúrò bàbá mi ni, télọ̀ ni, ó sì máa ń fi ẹsẹ̀ wa máṣíìnì náà bíi pé ẹnì kan ń lé e. Ní àárín gbogbo rẹ̀ ni fèrè ọkọ̀ ojú irin á dún láti ibùdókọ̀, Bàbá Àgbà á sì gbójú sókè, á wo aago ọwọ́ rẹ̀, á mi orí, á ní, "Wọ́n ti pẹ́." Kò sí ọjọ́ kan tí wọn ò pẹ́. Oúnjẹ wa kò ṣòro: ẹ̀kọ àti àkàrà láàárọ̀, iyán bí iṣu bá wà, ṣùgbọ́n ní àsìkò ànàmọ́, èyí tí àwọn ará ibòmíràn ń pè ní ọ̀dùnkún, ànàmọ́ náà ni láàárọ̀, òun náà ni lọ́sàn-án. Wọ́n á sè é, wọ́n á sun ún, wọ́n á gún un mọ́ iṣu. Ìyá Àgbà máa ń sọ pé ọmọ Ọ̀fà tí kò bá fẹ́ràn ànàmọ́, kí wọ́n lọ béèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ bóyá kì í ṣe ọsibítù ni wọ́n ti gbé ọmọ ọlọ́mọ fún un. Ní òdì-kejì odò ni gbogbo ànàmọ́ tiwa wà. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ yẹn fi ṣe pàtàkì.

Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀ ọ́n tù dáadáa nínú ilé, òun náà sì ni ìyàwó tí ó dé kẹ́yìn. Àǹtí Hàwá ni à ń pè é, ìyàwó Búọ̀dá Mùfú. Ọmọ apẹja ní Jẹ́bà ni. Tápà ni bàbá rẹ̀, ará Ìlọrin ni ìyá rẹ̀, Bàbá Àgbà sì mọ bàbá rẹ̀ dáadáa láti ìgbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ wọn ló di àna. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò fẹ́ràn ariwo ni. Nínú ilé, ohùn rẹ̀ kì í ju ti ẹni tó ń bá ọmọ ọwọ́ sọ̀rọ̀ lọ, ó sì máa ń kúnlẹ̀ kí Bàbá Àgbà láàárọ̀ títí Bàbá á fi ní kó dìde. Ṣùgbọ́n bó bá ti gun ọkọ̀, tó di àjẹ̀ mú, ó di ẹlòmíràn. Òun ló kọ́ wa pé a kì í dìde dúró nínú ọkọ̀, pé ìdí ọkọ̀ ni a ń fi ìdí sí, pé ẹni tó bá fẹ́ sún kó kọ́kọ́ sọ fún atukọ̀. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa fi igbá gbọ́n omi tó bá jò wọlé. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà gidigidi. Mo máa ń rò pé bí mo bá dáwọ́ dúró, gbogbo wa la máa rì, mo sì máa ń wo ojú àwọn àgbàlagbà bí ẹni tí ẹ̀mí wọn wà lọ́wọ́ òun. Nísinsìnyí tí mo ti di ìyá àgbà fúnra mi, mo mọ̀ pé omi tó ń wọlé náà kò tó èyí tí a fi ń ṣan ẹsẹ̀, wọ́n kàn fún ọmọdé níṣẹ́ kó má baà máa rìn kiri nínú ọkọ̀ ni.

Ọjọ́ Sátidé kan ló ṣẹlẹ̀. Àwa mẹ́rin la lọ: Bàbá Àgbà, Àǹtí Hàwá, Jímọ̀ àti èmi. A wa ànàmọ́ títí oòrùn fi gun orí, a kó o sínú àpò, a sì dorí kọ ilé. Bí a ṣe dé bèbè odò, Bàbá Àgbà na ọwọ́.

"Ìyàwó, gbé àjẹ̀ yẹn wá. Ó ti rẹ̀ ọ́."

Àǹtí Hàwá ní, "Bàbá, kò rẹ̀ mí o. Ẹrù inú ọkọ̀ pọ̀ lónìí, odò náà sì ń sáré."

"Kí wọ́n tó bí ọ ni mo ti ń jókòó sínú ọkọ̀ bàbá rẹ. Gbé e wá."

Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un, ó sì kúnlẹ̀ díẹ̀ bó ṣe ń gbé e, nítorí kí ni ìyàwó ilé tún fẹ́ sọ? Lóòótọ́, Bàbá Àgbà tù ú dáadáa débi àárín odò. Ó tilẹ̀ ń kọrin wúyẹ́wúyẹ́. Rédíò rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀, fìlà rẹ̀ funfun báláú lórí. Àfi gbì! Kùkùté igi kan tí àgbàrá wọ́ wá ti fara pamọ́ sábẹ́ omi, imú ọkọ̀ gùn ún, ọkọ̀ sì há. Àǹtí Hàwá ní, "Bàbá, ẹ jókòó bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kó tú ara rẹ̀." Ṣùgbọ́n Bàbá Àgbà ti dìde. Ó fi àjẹ̀ ti kùkùté náà bí ẹni tó ń ti ìlẹ̀kùn, ọkọ̀ tú lóòótọ́, ó yí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì da gbogbo wa sómi.

Ohun tí mo rántí nínú omi kò pọ̀. Mo rántí pé ó pupa, pé ó tutù ju bí mo ṣe rò lọ, pé ẹsẹ̀ mi ń wá ilẹ̀ kò sì rí i. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn kan tí n kò gbọ́ rí. "Ẹ di ọkọ̀ mú! Ẹ fi ẹrù sílẹ̀, ọkọ̀ ni kẹ́ ẹ dì mú! Sìdíkátù! Sìdíkátù dà?" Ọwọ́ kan fa ẹ̀yìn aṣọ mi, ó sì gbé ọwọ́ mi lé ikùn ọkọ̀ tó ti dojú dé. Àǹtí Hàwá ni. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó jẹ́ kí orúkọ yẹn bà mí lẹ́rù ju omi lọ. Nílé wa, ìyàwó kì í pe ọmọ tó bá nílé lórúkọ. Láti ọjọ́ tó ti dé, Eyínfúnjowó ló ń pè mí, Akọ̀wé ló ń pe Jímọ̀. N kò mọ̀ pé ó tilẹ̀ mọ orúkọ mi. Nígbà tí mo gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti kọjá àwàdà, mo sì fi èékánná di igi ọkọ̀ náà mú. Jímọ̀ ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń sunkún, ẹkún rẹ̀ sì dùn mọ́ Àǹtí Hàwá nínú, nítorí ó ń sọ pé, "Máa ké, Jímọ̀, máa ké, mò ń gbọ́ ọ."

Bàbá Àgbà ni kò sí níbẹ̀. Ó rì lẹ́ẹ̀kan, ó yọ, ó ń húkọ́, ó tún kọjú sí ìsàlẹ̀ odò, ó ń lé fìlà àti àpò ànàmọ́ tó ń léfòó lọ. Àǹtí Hàwá pariwo mọ́ ọn. Mo ní ó pariwo mọ́ Bàbá Àgbà. "Bàbá! Ẹ fi sílẹ̀! Ẹ padà síbí nísinsìnyí!" Ó sì padà. Ó wẹ̀ wá bá wa bí ọmọ tí wọ́n bá wí, ó gbé ọwọ́ lé ọkọ̀, gbogbo wa sì rọ̀ mọ́ ọn bẹ́ẹ̀. Àǹtí Hàwá kò gbìyànjú láti bá omi jà. Ó jẹ́ kó máa gbé wa lọ, òun ń fi ẹsẹ̀ tì wá díẹ̀díẹ̀ sí ọwọ́ ilé, títí a fi dé ibi tí odò ti yí kọ́nà, tí ẹsẹ̀ àgbàlagbà sì kan yanrìn. Bí mo bá ronú sí i lónìí, odò náà kò jìn níbi kọ́nà yẹn. Bóyá àyà àgbàlagbà ló mu. Ìjàǹbá kékeré ni. Ṣùgbọ́n omi tó mu àgbàlagbà láyà, ó bo ọmọdé lórí.

Lórí bèbè, ohun àkọ́kọ́ tí Àǹtí Hàwá ṣe ni pé ó fi ọwọ́ kan orí wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kan ti Bàbá Àgbà náà, èyí tí ìyàwó kan kì í ṣe sí bàbá ọkọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló tún kan gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, àfi bíi pé ojú rẹ̀ ò gbà á gbọ́. Ó fi ọ̀já tí wọ́n fi di ẹrù so ọkọ̀ mọ́ igi. Bàbá Àgbà ní kó fi í sílẹ̀ ná, kí a máa lọ sílé. Ó ní, "Bàbá, bí wọ́n bá rí ọkọ̀ òfìfo tó dojú dé nísàlẹ̀ odò, wọ́n á máa wá òkú tí kò sí." N kò gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn. Igbe Jímọ̀ ti pe Màmá Fúnmi jáde láti inú ahéré rẹ̀. Tíṣà ni, ọmọ ìjọ Áńgílíkà, oko rẹ̀ sì wà létí odò níhìn-ín. Ó ní, "Háà, Alhaji, kí ló dé?" kò sì dúró gbọ́ èsì. Ó ti ń kó igi jọ. Ó ní ká bọ́ gbogbo aṣọ tútù lára wa, ó fi ìró rẹ̀ wé èmi àti Jímọ̀ pọ̀, ó fún Bàbá Àgbà ní aṣọ oko ọkọ rẹ̀, èyí tó fẹ̀ jù ú, ó sì po ẹ̀kọ gbígbóná fún wa. Bí a ṣe ń mu ún, Àǹtí Hàwá ń béèrè lọ́wọ́ wa lọ́kọ̀ọ̀kan: Ṣé orí ń fọ́ ọ? Ṣé o mu omi? Ṣé àyà ń dùn ọ́? Bó ṣe dé ọ̀dọ̀ Bàbá Àgbà, Bàbá Àgbà ní, "Kò sí nǹkan kan." Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lójúgun rẹ̀. Màmá Fúnmi fi omi mímọ́ inú kẹ́ẹ̀gì wẹ̀ ẹ́, ó ya aṣọ dì í, Bàbá Àgbà sì ń húkọ́ sínú ìkúùkù rẹ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ kí a gbọ́.

Lójú ọ̀nà ilé ló tó sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Ó ní, "Ẹ gbọ́, ọ̀rọ̀ odò, odò ni kó gbé e lọ. Bí wọ́n bá bi wá nílé, òjò ló pa wá." Àwa ọmọdé gbà. Ojú Àǹtí Hàwá kò kúrò lára Bàbá Àgbà tó ń húkọ́ lọ níwájú. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé nígbà tí a dé ilé, oòrùn mú débi pé ẹ̀lùbọ́ tí Ìyá Àgbà sá sójúde ń ta pákápáká. Ìyá Àgbà wò wá láti orí dé ẹsẹ̀: èmi àti Jímọ̀ nínú ìró kan náà, ọkọ rẹ̀ nínú aṣọ aláṣọ, kò sí fìlà, kò sí rédíò.

"Òjò ló pa wá," ni Bàbá Àgbà wí.

"Òjò wo, Alhaji?"

"Ti ọ̀nà oko."

Ìyá Àgbà wo ojú ọ̀run, ó wo ẹ̀lùbọ́ rẹ̀, ó ní, "Ẹ kú òjò o," ó sì lọ bu oúnjẹ. Ìrẹsì àti ẹ̀wà ni. Bàbá Àgbà, tó fẹ́ràn ẹ̀wà, kò jẹ tó ṣíbí díẹ̀. Ó tún húkọ́, ó gbá àyà, ó ní òun fẹ́ lọ na ẹ̀yìn. Ó dìde, ó sì rí i pé Àǹtí Hàwá ti kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà yàrá òun.

"Ìyàwó, dìde, jẹ́ kí n kọjá."

"Bàbá, ẹ má bínú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sùn. Ẹ jẹ́ kí á lọ sí ọsibítù."

"Ọsibítù kẹ̀? Nítorí ojú ọgbẹ́ kékeré yìí?"

"Kì í ṣe ọgbẹ́, Bàbá. Omi tí ẹ mu ni."

Máṣíìnì Búọ̀dá Mùfú dákẹ́. N kò mọ̀ pé máṣíìnì yẹn lè dákẹ́ lọ́sàn-án. Ó yọ sí ojúde pẹ̀lú okùn tó fi ń wọn aṣọ lọ́rùn, ó wo ìyàwó rẹ̀ tó kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà bàbá rẹ̀, ó ní, "Hàwá, kí lò ń ṣe?" Ojú ń tì í. Ìyá mi jáde láti ibi ìdáná. Bàbá Àgbà gbé ohùn sókè fún ìgbà àkọ́kọ́. "Ṣé bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé yín nìyẹn, pé kí o máa dí àgbàlagbà lọ́nà yàrá rẹ̀?"

Àǹtí Hàwá kò gbé ojú sókè. Ó ní, "Bàbá, nígbà tí bàbá mi kú, wọ́n ránṣẹ́ sí yín pé ojú oorun ló bá lọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ọlọ́run kẹ́ ẹ."

"Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ọkọ̀ rẹ̀ dojú dé. Ó wẹ̀ jáde. Ó ń rẹ́rìn-ín wọlé, ó ní omi Ọya kò lè pa ọmọ Tápà. Ó ń húkọ́ díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ṣe ń húkọ́ yìí. Ó ní òun fẹ́ lọ na ẹ̀yìn. Èmi ni mo tẹ́ ẹní fún un." Ó di òpó ẹnu ọ̀nà mú. "Bàbá, ẹ bú mi. Ẹ ní kí ọkọ mi bú mi. Ṣùgbọ́n n kò tún ní tẹ́ ẹní fún ẹlòmíràn."

Adìyẹ kan ń ṣa ìrẹsì nínú àwo Bàbá Àgbà, kò sẹ́ni tó lé e. Mo ń wo ojú Bàbá Àgbà, mo rò pé yóò tún pariwo, ṣùgbọ́n ńṣe ni ẹnu rẹ̀ rọ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹn. Ìyá Àgbà ló kọ́kọ́ mira. Kò béèrè ìgbà tí odò wọ inú ọ̀rọ̀ òjò. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó wọ yàrá lọ, ó gbé bàtà jáde, ó tò ó síwájú ọkọ rẹ̀, ó sì ní, "Alhaji, ẹ wọ bàtà yín." Bàbá Àgbà wọ̀ ọ́. Búọ̀dá Mùfú sáré lọ pe ọlọ́kadà wá, wọ́n gbé Bàbá Àgbà sáàárín, Búọ̀dá Mùfú sì jókòó sẹ́yìn, ó gbá a mú. Bí wọ́n ṣe lọ tán ni Ìyá Àgbà fa Àǹtí Hàwá dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀ nù, ó ní, "Omi ló dànù, agbè ò fọ́. Wá jẹun." Ìgbà yẹn ni Àǹtí Hàwá tó bú sẹ́kún, ó sunkún títí tí ìyá mi fi gbé e mọ́ra.

Dókítà gbé nǹkan tí wọ́n fi ń gbọ́ àyà sí àyà Bàbá Àgbà, ó gbọ́ ọ níwájú, ó gbọ́ ọ lẹ́yìn, ó ní omi díẹ̀ ti wọ ibi tí kò yẹ kó wọ̀, òun ò ní jẹ́ kó lọ sílé lọ́jọ́ náà. Wọ́n fún un lábẹ́rẹ́ nítorí ojúgun rẹ̀ pẹ̀lú. Ó ní kí wọ́n mú èmi àti Jímọ̀ náà wá, ó gbọ́ àyà tiwa, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ká máa lọ ṣeré. Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, Bàbá Àgbà wọlé pẹ̀lú ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Àwọn ará àdúgbò ti gbọ́, nítorí kò sí òjò kankan tó lè bo irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀. Wọ́n ń wọlé, wọ́n ń kí i kú ewu. Mo retí pé yóò dín ọ̀rọ̀ náà kù. Kò dín in kù rárá. Òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá wọlé: bí òun ṣe gba àjẹ̀, bí òun ṣe dìde dúró nínú ọkọ̀ bí òmùgọ̀, bí òun ṣe ń lé fìlà. Kùkùté náà ń tóbi sí i bó ṣe ń sọ ọ́. Nígbà tó máa di ìrọ̀lẹ́, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìrókò. Ṣùgbọ́n ibì kan wà nínú ìtàn náà tí kò yí padà. Ó ní, "Ó pariwo mọ́ mi, mo sì gbọ́ràn. Ẹ máa bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀." Àǹtí Hàwá á sì sá wọ ibi ìdáná lọ.

Ní ọjọ́ tó tẹ̀lé e, Bàbá Àgbà ní ká má jẹ́ kí ẹlòmíràn kan kùkùté náà. Ó wá aṣọ pupa kan nínú àkísà Búọ̀dá Mùfú, ó dè é mọ́ orí ọ̀pá gígùn, òun dúró ní bèbè, àwọn àgbẹ̀ méjì sì lúwẹ̀ẹ́ lọ rì í mọ́ ẹ̀gbẹ́ kùkùté náà. Ó ní nínú iṣẹ́ rélùwéè tí òun ṣe jẹun, ẹni tó bá rí ewu lójú ọ̀nà tí kò gbé pupa sókè, òun ló ni òkú tó bá kú níbẹ̀. Ó gba ọ̀nà Òjòkú àti Ìjàgbó, ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó ní oko lẹ́bàá odò. Búọ̀dá Mùfú rán aṣọ tuntun fún ọkọ Màmá Fúnmi láti fi dúpẹ́. Aṣọ tí Bàbá Àgbà wọ̀ wálé, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n dá a padà pẹ̀lú àpò ànàmọ́ kan, èyí tí odò ò rí gbé lọ. Àwọn ọmọ Màmá Fúnmi di ará ilé wa láti ìgbà náà. Ọdún Ìléyá, wọ́n wà níbẹ̀. Kérésìmesì, àwa la ń jẹ ìrẹsì wọn.

Nǹkan kan ṣoṣo ló kù: ọkọ̀. Wọ́n ti gbé e yí padà, Àǹtí Hàwá ti fi fọ́nrán òwú àti ọ̀dà dí ibi tó ti sán nímú, ó sì ti tù ú lọ tù ú bọ̀ lóun nìkan. Ànàmọ́ tó pọ̀ ṣì wà lókè odò, bí wọ́n bá sì fi í sílẹ̀ sínú ilẹ̀ kòkòrò á jẹ ẹ́. Nígbà tí ọjọ́ pé tí gbogbo wa máa tún lọ, Jímọ̀ fò sínú ọkọ̀ bí ẹni tí nǹkan kan ò ṣe rí. Ó ṣì kéré, ó ti gbàgbé. Èmi ni ẹsẹ̀ mi ò gbé. Mo dúró lórí bèbè, mò ń wo omi pupa náà. Mo rò pé wọ́n á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí náà mo ń díbọ́n pé mò ń wá bàtà mi. Ìgbà náà ni mo ṣàkíyèsí pé Bàbá Àgbà náà kò tíì wọ ọkọ̀. Ó ń ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó ń tú u sílẹ̀, ó tún ń ká a. Àǹtí Hàwá jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ pẹ̀lú àjẹ̀ lórí orúnkún. Kò pè wá. Ó ń wo ibòmíràn, ó ń fún wa láàyè.

Mo sún mọ́ Bàbá Àgbà. Mo ní, "Bàbá Àgbà, ẹ̀rù ń bà mí."

Ó wò mí. Títí di ọjọ́ yẹn, n kò gbọ́ kí àgbàlagbà kankan nílé wa sọ pé ẹ̀rù ba òun. Mo rò pé bí èèyàn bá ti dàgbà, ẹ̀rù máa ń tán nínú rẹ̀ ni, bí eyín ọmọdé ṣe ń yọ. Ó tẹ̀ ba, ó fi ẹnu sí etí mi, ó ní, "Èmi náà." Ó sì na ọwọ́ sí mi.

A jọ wọ ọkọ̀ náà ni. A jókòó sídìí ọkọ̀ pẹ́kípẹ́kí, èjìká mi mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ọwọ́ mi nínú ọwọ́ rẹ̀. Àǹtí Hàwá ní, "Bàbá, ṣé ká máa lọ?" Ó ní, "Ọ̀gá mi, ìwọ la ń wò." Àǹtí Hàwá fi àjẹ̀ kan omi jẹ́ẹ́, bèbè sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi wá sílẹ̀. A kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ pupa náà. Ẹyẹ kan ń ké nínú esùsú. Omi ń lá ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ bí ajá. Díẹ̀díẹ̀ ni mo mọ̀ pé mo ti ń mí bó ṣe yẹ, pé ọwọ́ Bàbá Àgbà náà ti dẹ̀, ooru rẹ̀ nìkan ló kù. Nígbà tí imú ọkọ̀ kan ilẹ̀ lódì-kejì, Jímọ̀ ti bẹ́ jáde, ó ti ń sáré lọ sínú oko. Àwa méjèèjì kò dìde. A jókòó síbẹ̀ nínú oòrùn, ó kàn dùn mọ́ wa pé a ti dé.